Ẹni Tí Kò Mu Sìgá Rí: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Ìyá Onígààrí Kan ní Ìjùmú

Ẹni ọdún 57 ni ìyá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Abúlé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogi, ló ń gbé, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ojú títì tó lọ sí Kàbà. Ọmọ márùn-ún ló bí. Láti ìgbà tó ti wọ ilé ọkọ ló ti ń yan gààrí tà, gààrí yẹn náà ló sì fi rán àwọn ọmọ níléèwé. Kò mu sìgá rí. Kò fín áṣáà. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé kò mu sìgá, kò sì sí ẹni tó ń mu ún nínú agbo ilé wọn. Síbẹ̀, èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́: èéfín igi tó ń dá. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbà mí láyè kí n kọ ọ̀rọ̀ náà síta kí ẹlòmíràn lè rí i kà. Wọ́n ní kí n ṣáà má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, Iye ni màá máa pè é, bí gbogbo ilé ṣe ń pè é. Ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ládùúgbò wọn ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Kì í ṣe tìtorí ara rẹ̀ ló ṣe wá bá wa. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló gbé wá, ọmọ oṣù mẹ́jọ tó ń wúkọ́, tí ara rẹ̀ gbóná, tí ìyá rẹ̀ sì ti lọ sóko. Ọyẹ́ ń parí lọ nígbà náà. Mo ká ẹ̀wù ọmọ sókè, mo gbé aago síwájú, mo ka bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ó jẹ́ 58. Ọmọ tó ti pé oṣù méjì tí kò tíì pé ọdún kan, bí mímí rẹ̀ bá ti tó 50 ní ìṣẹ́jú kan, ó ti yára jù; bó bá ti pé ọdún kan tí kò tíì pé márùn-ún, 40 ni ààlà. Òtútù àyà nìyẹn. Abẹ́ ìhà ọmọ náà kò wọnú bó ṣe ń mí, ó ń mu omi, kò bì, gìrì kò mú un, nítorí náà a fún un ní amoxicillin tí wọ́n ń pò sínú omi, a sì sọ ọjọ́ tí wọn yóò gbé e padà wá. Ara ọmọ náà yá.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka mímí ọmọ, mímí ìyá àgbà ni mo ń gbọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, ó tẹ̀ síwájú, ó sì ń ká ètè jọ tú afẹ́fẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fẹ́ná. Ọ̀nà tó rìn wá láti ilé rẹ̀ kò tó ohun tí èèyàn ń sinmi lé lórí. Mo ní, “Iye, ẹ ọ̀kun o. Ó ti pẹ́ tí ìmí yín ti ń ṣe báyìí?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ ká tọ́jú ọmọ. Tèmi ti di ti ọjọ́ orí.”

Mo fi ẹ̀rọ kékeré tí à ń fi há ìka wo atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: 91. Ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń ní 95 sókè. Mo gbé etí lé ẹ̀yìn rẹ̀, ìmí ń súfèé nínú lọ́hùn-ún.

Ìtàn rẹ̀ gùn. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tó ti ń wúkọ́. Àárọ̀ ni ikọ́ náà máa ń le jù, yóò wú u títí tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yóò fi jáde kí ó tó lè dìde lọ fọ ojú. Bí ọyẹ́ bá dé, á tún burú sí i. Bí òjò bá ń rọ̀ tí igi tutù, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó ti ra oògùn ikọ́ ní kẹ́míìsì títí ó fi sú u. Níbì kan, wọ́n fura sí ikọ́ ife, wọ́n gba itọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò rí i. Níbòmíràn, wọ́n ní ásímà ni, wọ́n fún un ní táblẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ máa lù kìkì. Àwọn ẹbí kan sọ pé ọwọ́ ayé ni, ó sì gba ààwẹ̀ lórí rẹ̀.

Èyí tó dùn ún jù lọ kì í ṣe ikọ́ náà. Láti ìgbà tí ìròyìn ti tàn pé wọ́n gba itọ́ rẹ̀, àwọn èèyàn ò bá a mu omi nínú ife kan náà mọ́. Wọ́n mọ̀ pé àyẹ̀wò sọ pé kì í ṣe ikọ́ ife, síbẹ̀ wọn kò padà. Oníbàárà kan tó máa ń wá kó gààrí láti Àbújá bẹ̀rẹ̀ sí í rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó ní òun kò lè ra oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń wúkọ́ sórí rẹ̀. Nígbà tó ń sọ èyí fún mi, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Obìnrin tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun láti ìgbà èwe, tí gààrí rẹ̀ lókìkí pé ó gbẹ, ó sì kan dáadáa!

Gbogbo ibi tó dé ni wọ́n ti bi í bóyá ó ń mu sìgá. Ó dáhùn pé rárá. Wọ́n kọ “rárá” sínú káàdì, ọ̀rọ̀ parí. Mo rí káàdì náà. Ó máa ń ká mi lára títí di òní, nítorí pé bí a ṣe kọ́ wa nìyẹn: ọkùnrin tó ń wúkọ́, bi í léèrè sìgá, obìnrin tó ń wúkọ́, gba itọ́ rẹ̀. Kò sí àyè nínú káàdì fún iná tí obìnrin ń dá.

Nítorí náà ìbéèrè tí mo bi Iye yàtọ̀: iná mélòó lẹ ń dá lójúmọ́, níbo lẹ sì ń jókòó sí nídìí rẹ̀? Ó kà á fún mi. Iná àfẹ̀mọ́júmọ́ nínú ilé ìdáná, fún omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ àti ẹ̀kọ. Iná ọ̀sán nídìí agbada gààrí, láti ìgbà tí oòrùn bá mú títí tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, lọ́jọ́ tí ẹ̀gẹ́ bá ti fún tán. Iná alẹ́ fún iyán tàbí ọ̀kà. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀yinná nínú ìkòkò fífọ́, tí wọ́n ń gbé wọ yàrá kí òtútù má baà mú ọmọ. Bó ṣe ń kà á lọ ni mo ń wo ọmọ oṣù mẹ́jọ tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo iná wọ̀nyẹn, ẹ̀yìn Iye tàbí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà ń wà.

Mo lọ wo ilé. Ilé ìdáná náà kò ju ibi tí èèyàn méjì lè yí ara padà sí. Fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ti fi páànù dí nítorí ewúrẹ́. Èéfín ti lẹ̀ mọ́ òrùlé títí tó fi ń dán bí ọ̀dà. Ṣùgbọ́n abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan gààrí gan-an ni mo ti mọ ohun tó ń ṣe Iye. Ààrò amọ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹnu gbogbo wọn sì kọ sí ibi tí àwọn obìnrin ń jókòó sí. Òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀. Ẹni tó ń yan gààrí á jókòó ní ìfẹ̀gbẹ́kan, á fi ọwọ́ ọ̀tún mú àfọ́kù igbá tó fi ń dà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, á fi ọwọ́ òsì máa ti igi wọnú ààrò. Ojú rẹ̀ kò jìnnà sí ẹnu iná ju apá kan lọ. Bí gààrí tútù bá kan agbada, ooru kíkan á rú bò ó lójú. Oró inú ẹ̀gẹ́ tó ń gbẹ kúrò lára rẹ̀ náà ń bá ooru yẹn jáde. Igi tí wọ́n ń lò, òmíràn ayìn gbígbẹ tó ń jó dáadáa, òmíràn ẹ̀ka kajú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tí omi ṣì ń hó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni wọ́n fi ń ràn án. Mo dúró díẹ̀, omi bọ́ lójú mi, àyà mi há. Àwọn obìnrin náà ní mi ò tíì mọ́ ọn lára ni.

Èéfín igi kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Èyí tí ojú ń rí tó dúdú yẹn kọ́ ló burú jù. Èyí tí ojú kò rí ló ń wọlé jìnnà. Àwọn hóró inú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PM2.5 kéré débi pé bí a bá to nǹkan bí 30 nínú wọn síra, wọn ò fẹ̀ ju irun orí kan lọ. Irun imú kò lè mú wọn. Wọ́n á kọjá ọ̀fun, wọ́n á dé àwọn àpò wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, àwọn mìíràn á sì wọnú ẹ̀jẹ̀, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọkàn àti ọpọlọ lẹ́nu. Gáàsì kan tún wà nínú rẹ̀ tí kò láwọ̀ tí kò lóòórùn, carbon monoxide, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bí atẹ́gùn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Òun ló ń pa àwọn tó gbé èédú wọ yàrá tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo gbọ́ ti ẹ̀yinná inú yàrá yẹn, òun ni mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n fi aṣọ nípọn wé ọmọ.

A kọ ìwé lé Iye lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀: kò sí ikọ́ ife, kò sí jẹjẹrẹ. Wọ́n wá ní kó fa ìmí sínú dáadáa kó sì fẹ́ ẹ sínú ẹ̀rọ kan pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ títí tí kò fi sí mọ́. Ẹni tí ọ̀nà ìmí rẹ̀ là, nínú ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ ni yóò ti tú èyí tó pọ̀ jù jáde. Wọ́n fún Iye ní oògùn tó ń la ọ̀nà ìmí, ó tún fẹ́ ẹ. Ohun tó jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ kò ju ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí kò bá ti tó 70 lẹ́yìn oògùn, àrùn COPD ni: ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró ti fún, kò sì ní là tán mọ́. Ti ásímà máa ń là padà. Ti Iye kò là. Dókítà náà sọ fún un pé àrùn tí àwọn tó ti ń mu sìgá láti ọdún gbọọrọ máa ń ní ló ní. Iye wò mí. Mo mọ̀ pé káàdì yẹn ló ń rò.

Kì í ṣe òun nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí èèyàn bílíọ̀nù 2.1 ló ṣì ń fi igi, èédú, ìgbẹ́ màlúù, pàǹtí oko tàbí kẹrosíìnì dáná lórí ààrò tó ń rú èéfín. Ní ọdún 2020, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé èéfín inú ilé pa èèyàn mílíọ̀nù 3.2, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì lé ní 237,000 nínú wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ikọ́ nìkan ni èéfín ń fà. Nínú ikú wọ̀nyẹn, àìsàn ọkàn ló gba ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún, àrùn rọpárọsẹ̀ gba 23, òtútù àyà àti irú rẹ̀ gba 21, COPD gba 19, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró gba 6. Èyí jẹ́ pé ìyá tó ṣubú lulẹ̀ lójijì lọ́jà, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan, tí wọ́n sọ pé ẹnì kan ta á lọ́fà, iná ilé ìdáná lè wà lára ohun tó bá a dé ibẹ̀. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ nítorí pé ojú ìyà ni a fi ń wo àwọn ìyá yẹn, a kì í wo ibi tí wọ́n ń jókòó sí.

Ọmọ Iye tó wà ní Àbújá kò jẹ́ kó pẹ́. Ó ra gáàsì ìdáná, kílò 12.5, pẹ̀lú ojú iná méjì, ó gbé e wálé fúnra rẹ̀, ó sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pa á. Gbogbo wa yọ̀. Iye gba ínhélà salbutamol, oògùn tí à ń fà gba ẹnu kó lè la ọ̀nà ìmí. A dá ihò sí ìdí ike omi kan, a fi ẹnu ínhélà bọ̀ ọ́, kí oògùn má baà dúró sí ọ̀fun, torí pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í lè tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n sì fà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn oṣù bíi méjì, ó padà wá. Ikọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dínkù. Ohun tí ìka rẹ̀ ka ni 92. Gáàsì wà nínú ilé, wọ́n ń fi se ẹ̀kọ ọmọ àti tíì. Ṣùgbọ́n abẹ́ àtíbàbà kò yí padà, kò sì sí ẹni tó máa fi gáàsì yan gààrí tí yóò rí èrè kankan jẹ nínú rẹ̀. Igi ọ̀fẹ́ ni, láti oko. Ọbẹ̀ àti iyán fún ilé tó kún náà, orí ààrò ni wọ́n padà sí nígbà tí gáàsì tán tí owó kò sì sí lọ́wọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé kan yìí ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn olùwádìí tó tóbi jù wá lọ. Ní Màláwì, wọ́n fún àwọn ìdílé ní ààrò tó sàn ju ti ìṣáájú, wọ́n tọ́jú ọmọ tó lé ní 10,000, èsì jáde ní 2016: òtútù àyà àwọn ọmọ kò dínkù. Ní Guatemala, Íńdíà, Peru àti Rwanda, wọ́n fún àwọn aláboyún ní gáàsì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń rọ ọ́ fún wọn láìdáwọ́dúró fún oṣù 18. Èéfín inú ilé wọn lọ sílẹ̀ gan-an, síbẹ̀ ìwọ̀n ọmọ tí wọ́n bí àti òtútù àyà líle kò yàtọ̀ tó bí wọ́n ṣe retí. Ṣùgbọ́n nítòsí wa níbí, ní Ìbàdàn, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Chicago kó aláboyún 324 jọ, wọ́n fún ìlàjì wọn ní sítóòfù tó ń lo ẹ̀tánọ́ọ̀lù. Ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún dínkù láàárín àwọn yẹn, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2017. Àwọn kan máa ń ka ìwádìí Màláwì yẹn, wọ́n á ní èéfín kò ṣe nǹkan. Èmi kò gbà. Ẹni tó bá ti jókòó lábẹ́ àtíbàbà Iye mọ̀ pé bí a bá pa iná kan tí a fi mẹ́ta sílẹ̀, ìmí tí à ń mí kò tíì yí padà. Èéfín ilé kejì ń wọlé, a ń sun pàǹtí lẹ́yìnkùlé, oko ń jó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Mo kọ́kọ́ gbà Iye níyànjú pé kó dìde nídìí agbada pátápátá, kó máa sẹ́ gààrí kó sì máa tà. Ó gbọ́. Ṣùgbọ́n ó bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò rí ìdáhùn sí lójú ẹsẹ̀: “Tí mo bá dìde, ta ni yóò jókòó?” Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni, ìyá ọmọ oṣù mẹ́jọ yẹn, tí ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Iye ní òun kò ní gba ẹ̀mí òun padà lọ́wọ́ ọmọ òun.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo àwọn tó ń lo àtíbàbà náà. A pèpàdé wọn, ìyálé ilé kan tó dàgbà jù wọ́n ló bá wa sọ̀rọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré bíi tèmi kì í tètè wọ àgbà létí lórí iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe kí wọ́n tó bí mi. Bíríkìlà ìlú ló bá wọn ṣe é. Wọ́n mọ ògiri kan sáàárín ẹni tó ń yan gààrí àti ẹnu iná, wọ́n yí ẹnu ààrò sí ẹ̀yìn ògiri, níbi tí ẹlòmíràn lè ti máa ti igi sí i láti ìta. Wọ́n fi irin yíká ojú agbada kó jókòó pinpin, kí èéfín má yọ láàárín. Wọ́n fi páìpù tó ga ju òrùlé lọ gbé èéfín jáde, wọ́n sì gbé òrùlé náà sókè. Igi di ohun tí wọ́n ń tò sábẹ́ páànù kó gbẹ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, wọ́n ti fi èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ rọ́pò rẹ̀. Owó tán lórí ààrò méjì. Ohun tó jẹ́ kí àwọn obìnrin náà gbà á tọkàntọkàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi nípa ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n rí i pé igi tí wọ́n ń lò dínkù, gààrí sì ń tètè gbẹ.

Fèrèsé ilé ìdáná, a ṣí i, a fi irin wáyà sí i nítorí ewúrẹ́. Gáàsì, wọ́n gbà láti máa dá owó rẹ̀ pamọ́ lára gààrí ọjọ́ ọjà, kó tó di pé ó tán. Ọmọ kò tún gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ẹni tó ń yan gààrí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò.

Ní báyìí, ohun tí ìka Iye ń kà wà láàárín 94 sí 95. Ó ń wúkọ́ láàárọ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Ó ń rìn dé ọjà, á sinmi lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti sọnù, kò ní padà. Dókítà sọ ọ́ fún un láìfi bò, mo sì dúpẹ́ pé ó sọ ọ́. Ìtàn ẹnì kan ṣoṣo nìyí, kò tó ohun tí a fi ń dá ẹjọ́ oògùn tàbí ààrò. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń rìn, òtútù àyà kò tíì tún mú un. Oníbàárà ará Àbújá yẹn ti padà, lẹ́yìn tí ọmọ Iye fi èsì àyẹ̀wò hàn án.

Nínú ilé ìwòsàn wa, a ti fi ìlà kan kún ẹ̀yìn káàdì fúnra wa, pẹ̀lú bírò: iná tí ẹ ń dá, irú igi tàbí epo, ibi tí ẹ ń jókòó sí, ẹni tó wà lẹ́yìn yín. Àwọn ìyá tó ń wá fún ìtọ́jú oyún là ń bi jù. Ó yani lẹ́nu bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn tán tí wọ́n á wá sọ ìwúkọ́ ti ara wọn, èyí tí wọn kò ní lọ́kàn láti sọ nígbà tí wọ́n wọlé.

Ààrò méjì tó kù lábẹ́ àtíbàbà ṣì kọjú sí àwọn obìnrin. Iye ti fi owó tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, àwọn tó kù ń dá tiwọn lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, bíríkìlà sì ti gbà láti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò bá dá.